Kọ́kọ́rọ́ Mọ́tò Tí Ẹ Ń Wá Ń Bẹ Lọ́wọ́ Mi

Ṣọ́ọ̀bù Ìjókòó Mọ́tò,
Ẹ̀yìn Ilé Epo.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ìyálẹ̀ta.

Ìyá Kékeré, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Aláròyé, ọmọ-ọmọ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí ara ó le, kí oúnjẹ máa lọ lọ́nà ọ̀fun. Ní tèmi, ara le. Orúnkún tó ń dùn mí ti rọlẹ̀, maṣíìnì mi ń ṣiṣẹ́, oníbàárà ò sì wọ́n mi. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Bí o bá rí i tí ìlà mi ń wọ́, má rò pé ogbó ló dé. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ gígùn dá ọ dúró: kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí ẹ ń wá kiri, ẹ yé wá a. Ọwọ́ mi ló wà. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ̀ sínú báàgì, kì í sì í ṣe pé ó ṣèèṣì bá mi lọ. Mo jí i ni. Mo mú un lórí fíríìjì yín nígbà tí o ń wẹ̀ fún Aláròyé, mo tì í bọ inú bàtà mi, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí mo fi dé ibi tí mo ti wọkọ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó ní ṣé mi ò rí kọ́kọ́rọ́, mo ní mi ò rí i. Nígbà tí ìwọ náà pè láàárọ̀ àná, tí o ní ẹ ti gbọn gbogbo tìmùtìmù, ẹ ti tú gbogbo àpótí, àti pé Aláròyé lẹ ń fura sí, mo tún purọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ló ń jẹ́jọ́ ìyá ìyá rẹ̀. Bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ìdí tí mo fi ń kánjú ni pé o sọ fún mi pé agékọ́kọ́rọ́ ń bọ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́bọ̀ láti gé tuntun, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹni tó ta mọ́tò náà kó fún yín. Mo fẹ́ kí ìwé yìí ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo la ẹnu, èémí nìkan ló jáde. O ní, “Màmá, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?” Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Mo mọ bí ẹ ṣe jìyà tó kí ẹ tó ra mọ́tò yẹn. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ pé kí o kúrò nínú ọkọ̀ èrò. Láti ìgbà tí ilé ìwòsàn yín ti gbé ọ lọ sí ẹ̀ka wọn tó jìnnà, tó di pé o ń gba títì márosẹ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀ ní àlọ àti wákàtí kan ààbọ̀ ní àbọ̀, oorun mi ò dọ́gba mọ́. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí ọkọ̀ èrò já yín sílẹ̀ lágbedeméjì ọ̀nà, tí o ń fẹsẹ̀ rìn létí títì pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, tí atẹ́gùn tírélà ń gbá ọ sọ́tùn-ún sósì. Ìgbà náà la pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. A ní ká wá mọ́tò àlòkù tí agbára yín ká, tí kò ní máa mu epo bí ẹní mumi, tí kò sì ní dá ọ dúró lọ́nà.

Jíìpù pupa yẹn ló kọ́kọ́ kó sí ọkọ rẹ lórí. Mo ní ẹwà kọ́ lo fẹ́ wà lọ síbi iṣẹ́, ta ni yóò máa bu epo sí i lójoojúmọ́? Èkejì, èyí kékeré aláwọ̀ ewé, ó ti ń gbóná kí ẹ tó yí i kúrò ládùúgbò. Ìgbà tí ẹ wá rí aláwọ̀ fàdákà yìí, ara tù wá. Mẹkáníìkì yín tí gbogbo èèyàn ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kì í tètè yin nǹkan, yìn ín. Ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó ní ó dákẹ́ bí ẹni ń sùn. Ó yẹ jíà rẹ̀ wò, ó tẹ bíréèkì, ó bẹ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá epo ń jò. Ó ní irú ẹ̀ ló yẹ ọ̀nà jíjìn, pé ẹ̀yà ara rẹ̀ ò wọ́n lọ́jà, kò sì ní jẹ epo púpọ̀. Owó rẹ̀ tún rọjú ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo wa ń yọ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tó fi rọjú. Èmi tí mo dàgbà jù láàárín yín náà ò béèrè.

Nítorí ìdùnnú yẹn ni mo ṣe ní ẹ̀bùn tèmi ni pé n ó rán ìbòrí ìjókòó tuntun sí i látiwájú dé ẹ̀yìn. Ìyẹn ló gbé mi wá lọ́jọ́ Àìkú. O rántí pé mo mú téèpù dání, tí mo ní kí ẹ fi mí sílẹ̀ nínú mọ́tò kí n wọn nǹkan mi ní ìrọ̀rùn. Mo wọn ẹ̀yìn, mo wọn ìdí, mo wá jókòó síbi tí ìwọ máa ń jókòó. Mo fa bẹ́líìtì kọjá àyà, kí n lè mọ̀ bóyá ìbòrí náà ò ní dí ojú ibi tí a ti ń há a. Ìwọ náà sì mọ bí mo ṣe rí. Ẹ̀yin lẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó yẹ kí ọkọ̀ èrò máa gba owó èèyàn méjì lọ́wọ́ mi. Ìwọ tẹ́ẹ́rẹ́, ọkọ rẹ tẹ́ẹ́rẹ́, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gan-an ò ju ọ̀pá lọ. Bẹ́líìtì yẹn kì í jáde tán fún èyíkéyìí nínú yín. Èmi tí mo sanra ni mo fà á títí tó fi kù díẹ̀ kó tán nínú ilé rẹ̀, ohun tó sì jáde wá, tó dúró sórí èjìká mi gan-an, ni ojú rírán.

Aránṣọ mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú rírán náà rí bí àpótí kékeré onígun mẹ́rin, àgbélébùú wà láàárín rẹ̀, maṣíìnì sì padà lẹ́ẹ̀mẹta ní ìparí. Òwú búlúù tó dúdú ni mo lò, nítorí dúdú gangan ti tán lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà. Kò sí ẹlòmíì tó ń rán an bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àyíká yìí. Bàbá rẹ ló kọ́ mi kó tó fi ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀ fún mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìyá Kékeré, èmi ni mo rán bẹ́líìtì tí o fi ń lọ síbi iṣẹ́.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, alágbàtà mọ́tò kan wà tó máa ń gbé ìjókòó yíya wá fún mi. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní fi ẹ̀rín sí. Lọ́jọ́ kan, ó mú bẹ́líìtì wá nínú ọ̀rá dúdú, ó ti já sí méjì. Mo béèrè ohun tó gé e, ó ní, “Màmá, eku ni.” Mo mọ̀ pé eku kì í gé nǹkan kó tọ́ bí ìlà. Ó wá ní, “Ẹ ṣáà bá mi so ó pọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lásán la fẹ́ fi hàn, kí wọ́n ti rí nǹkan láyà onímọ́tò.” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Bí gbogbo wa ṣe mú bẹ́líìtì nìyẹn: bí a bá rí ẹ̀ṣọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, a ó fà á sáyà, bí a bá ti kọjá wọn, a ó sọ ọ́ nù. Nǹkan dúdú kan gbẹ mọ́ etí ibi tó ti gé. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, omi náà pupa, mo dà á nù, mo sá bẹ́líìtì sóòrùn, mo sì rán an. Mo tún fi hámà lu ojú rírán náà kó pẹlẹbẹ, kó lè máa gba ojú irin kọjá láìhá. Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé mo yin ara mi.

Ohun tí mi ò rò nígbà náà ni mo ń rò ní gbogbo ìgbà báyìí. Wọn kì í fi ọ̀bẹ gé bẹ́líìtì lára ẹni tó lè tú u fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n sì ti gé e bọ́ sórí èjìká mi rẹ́gí. Ìyẹn ni pé ẹni tó wà lórí ìjókòó yẹn lọ́jọ́ náà sanra bíi tèmi. Ó lè jẹ́ ìyá ẹnì kan. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbé e jáde láàyè. Èmi kàn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ní ojú ibi tó jókòó.

Ìgbà náà lo yọrí lójú fèrèsé, o ní, “Màmá, ṣé ó dáa?” Mo ní ó dáa gan-an. Mo jẹ́ kí bẹ́líìtì náà yí wọlé padà. Ọkọ rẹ ń nu dígí, ó ń kùn orin lábẹ́ imú, ayọ̀ hàn lójú rẹ̀. N kò ní purọ́ ìkẹrin fún ọ: kì í ṣe torí kí inú yín má baà bàjẹ́ ni mo ṣe dákẹ́. Ojú ló tì mí. Wọ́n ní bí iná bá jóni tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Mo gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èmi náà lè ṣe é. Ìgbà tí mo rí kọ́kọ́rọ́ lórí fíríìjì ni mo tó rántí tìrẹ.

Nínú ọkọ̀ tó gbé mi padà, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo jókòó sí, gbogbo mọ́tò tó kọjá ni mò ń wo àyà ẹni tó ń wà á. Mo ka ọjọ́ tí o ti fi ń wa tìrẹ: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, àlọ àti àbọ̀. Ọgbọ̀n ìgbà lo ti fi òwú mi sáyà lórí títì yẹn, tí tírélà wà níwájú, tí tírélà wà lẹ́yìn. Mo tún rántí pé o sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé bí eré mọ́tò náà bá ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, sitíárìn a máa gbọ̀n díẹ̀, ọkọ rẹ sì ní táyà ni. Mo gbà gbọ́ nígbà náà. Nínú ọkọ̀ yẹn, mi ò gbà á gbọ́ mọ́.

Láàárọ̀ àná mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ọwọ́ mi le ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gba bẹ́líìtì ògbólógbòó kan, mo gé e, mo sì rán an gẹ́lẹ́ bí mo ṣe rán ti ọjọ́sí, pẹ̀lú òwú kan náà. Mo gbé e lọ bá wẹ́dà, ajórin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó so ó mọ́ ṣéènì tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó so ẹ́ńjìnnì òkú kan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì rọra fà á. Ó gbé e. Ẹ́ńjìnnì náà ń rọ̀ dirodiro, òwú mi ò ṣe bí ẹni fẹ́ já. Inú mi dùn débi pé mo ṣọpẹ́ sókè. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe dá kọ́kọ́rọ́ yín padà láìjẹ́ kí ẹ mọ̀.

Wẹ́dà ò bá mi yọ̀. Ó ní, “Màmá, mọ́tò tó bá kọlu nǹkan kì í rọra dúró.” Ó fi okùn mìíràn gbé ẹ́ńjìnnì náà sókè títí bẹ́líìtì fi rọ̀, kò ju gígùn apá kan lọ, ó ní kí n sún sẹ́yìn, ó sì jù ú sílẹ̀. Fàà! Bẹ́líìtì náà ò tiẹ̀ ṣe bí ẹni rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ́ńjìnnì gbá ilẹ̀, ilẹ̀ mì. Ìdajì kan ń fì lókè, òwú búlúù rẹ̀ ń yọ gánnagànna. Orí táyà kan tó wà nílẹ̀ ni mo jókòó lé. Mo sunkún níwájú ọkùnrin tí mo máa ń bá jà nítorí ariwo iṣẹ́ rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, nítorí bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó ní bẹ́líìtì nìkan kọ́ ni kí n máa bẹ̀rù. Jàǹbá tó le débi pé wọ́n gé èèyàn jáde kì í fi ara mọ́tò sílẹ̀. Ó ní kí ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, kí ẹ wo irin abẹ́ rẹ̀ bóyá ojú jíjó wà níbẹ̀ bí àpá. Kí ẹ wo àlàfo ilẹ̀kùn bóyá òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Ó ní ẹ́ńjìnnì lè dára kí mọ́tò má dára, àti pé ẹni tó bá fẹ́ rìn lórí títì márosẹ̀ lójoojúmọ́, bí mọ́tò yóò ṣe dúró ló yẹ kó kọ́kọ́ wò, kó tó wo bí yóò ṣe sáré. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra òmíràn, ẹ fa gbogbo bẹ́líìtì rẹ̀ títí yóò fi tán nínú ilé rẹ̀, ẹ má fi ti iwájú nìkan mọ. Ẹ pè mí wá, kí n wá fi ara ńlá yìí jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti wẹ́dà ń bọ̀, n ó mú kọ́kọ́rọ́ yín dání. A ó jọ lọ bá ẹni tó tà á fún yín. Bó bá ní kò sí ohun tó ṣe mọ́tò náà rí, èmi ni n ó jẹ́rìí. N ó gbé maṣíìnì mi dání bó bá gbà bẹ́ẹ̀, n ó rán irú rẹ̀ lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu yóò kùn mí, pé àwọn oníbàárà kan ò ní gbé ìjókòó wá fún mi mọ́. Kò burú. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán. Bẹ́líìtì mẹ́rin ni mo rán fún Ẹlẹ́rìn-ín. Kò sì í ṣe ẹ̀rí ọkàn ló dá mi dúró. Òun ló rí aránṣọ mìíràn. Mo pè é láàárọ̀ yìí, mo ní kó bá mi rántí àwọn mọ́tò tó kù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń ka irú ìyẹn, ó sì gé fóònù. Nígbà tí mo bá fi ìwé yìí ránṣẹ́ tán, n ó máa lọ láti ọ̀dọ̀ alágbàtà kan dé òmíràn. Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Èmi ni mo dà á, kí ló dé tó fi ń tọ ọmọ mi lọ?

Ohun tó kù yìí ni mo ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ti ẹ̀yìn. Mo mọ̀ nítorí ibi tí wọ́n ti ń há a yàtọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí mo ti rí ti iwájú, mo yíjú, mo rí èyí tó wà lẹ́yìn, níbi tí Aláròyé máa ń jókòó, bébà súìtì rẹ̀ ṣì wà lórí àga. Mo na ọwọ́ sí i. Mi ò lè fà á. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ranṣọ, kò sí irú aṣọ tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀, mo sì jáde. Nítorí náà mi ò mọ̀. Bí mo bá mú kọ́kọ́rọ́ dé, ìwọ ni kí o bá mi fà á wò. Wo lẹ́yìn nígbà tí ọmọ ò bá sí nítòsí, kó má baà rí ojú rẹ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Kó má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ mi pa ohun tí inú mi bí. Kó jẹ́ kí ọkọ rẹ lè wo ojú mi lọ́jọ́ Ẹtì. Kó sì dá gbogbo ẹni tó so òwú mi máyà sí, níbikíbi tí wọ́n bá wà lórí títì lọ́sàn-án òní, láìmọ̀ mí, láìmọ̀ ohun tí mo ṣe.

Èmi ni ìyá rẹ tó ní ó dáa nígbà tí kò dáa,
Màmá.

Àfikún: Ilé ìwòsàn ni mo ní kí awakọ̀ èrò tí mo fi rán mú ìwé yìí wá, kó lè jẹ́ ìwọ ni yóò kọ́kọ́ kà á. Ó ní òun lè má tètè yà síbẹ̀ títí di ọjọ́bọ̀. Bí agékọ́kọ́rọ́ bá ti wá kí ìwé yìí tó dé, tó jẹ́ pé mọ́tò náà lo wà wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó wà ní ìta níbẹ̀ bí o ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí, má wà á padà sílé. Fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ ọkọ̀ èrò. Kí o sì pè mí, ọmọ mi. Kò di dandan kí o sọ ohunkóhun. Ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ pé o ń mí.